Aginjù Bọ̀dá Lékan

Inú ń bí Ṣìkẹ́mi. Kì í ṣe irú ìbínú tí èèyàn ń fi ẹnu sọ tí yóò sì lọ o. Irú èyí tí èèyàn á máa ju nǹkan sílẹ̀ gbàmù láìmọ̀ ni. Ó wà nínú yàrá ìyá rẹ̀, nínú ilé wọn ní ìlú McDonough lókè òkun, lọ́sàn-án Sunday, ó ń ká ṣíìtì tó rin gbingbin kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń sọ ìtàn fún àlejò ní pálọ̀.

Ará ìjọ Yorùbá tí ìdílé wọn ti ń lọ látìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn àlejò náà. Aunty Bridget, àgbà obìnrin kan nínú ìjọ náà, ló kó wọn wá. Wọ́n ti gbọ́ pé Ọlálékan ẹ̀gbọ́n Ṣìkẹ́mi, tó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Íjíbítì kan láti ibi iṣẹ́ dé ìjọ Kóptíìkì, ìjọ onígbàgbọ́ àtijọ́ ti ilẹ̀ Íjíbítì, tí kò sì padà wá sọ́dọ̀ wọn mọ́, ti fẹ́ di mọ́ńkì báyìí. Bí wọ́n bá ti ṣe Àjíǹde tán, yóò kọ iṣẹ́ sílẹ̀, yóò fi ilé sílẹ̀, yóò wọ aginjù California lọ, níbi tí àwọn mọ́ńkì Kóptíìkì kọ́lé sí, kò sì ní padà mọ́. Irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ láàrin wa, nítorí náà wọ́n wá wò ó bí ẹni wá wo ẹni tó jẹ lọ́tìrì.

Ìtàn Makáríù ni Ọlálékan ń sọ fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn mọ́ńkì àkọ́kọ́ ilẹ̀ Íjíbítì ni Makáríù, ọkùnrin tó fi ayé sílẹ̀ láti máa gbàdúrà nínú iyanrìn. Orúkọ rẹ̀ ni Ọlálékan sì fẹ́ kí wọ́n sọ òun bí òun bá dé ọ̀hún.

"Wọ́n ní òun ló fún ọmọbìnrin kan lóyún lábúlé," Ọlálékan ń wí, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. "He didn't do it o. Kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Wọ́n lù ú bí ẹni máa kú, wọ́n so ìkòkò mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n ń wọ́ ọ kiri àdúgbò. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Nígbà tó padà dé yàrá ẹ̀, ẹ mọ nǹkan tó sọ? Ó ní, ó dáa, ó jọ pé mo ti níyàwó, àfi kí n tún múra síṣẹ́. Ó ń hun apẹ̀rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ó ń tà á, ó ń fi owó ẹ̀ ránṣẹ́ kí obìnrin yẹn lè rí nǹkan jẹ. Obìnrin tí kì í ṣe nǹkan kan ẹ̀! Ìgbà tí obìnrin yẹn fẹ́ bímọ tí ọmọ kọ̀ tí ò wá, ìgbà yẹn ló jẹ́wọ́ pé òun purọ́ mọ́ ọn."

"Jesu!" Aunty Bridget kígbe. "Orí mi wú! What a man!"

Nínú yàrá, Ṣìkẹ́mi yí ìyá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó fa ìyókù ṣíìtì náà jáde. Màámi ń kérora. Àrùn ìgbàgbé ti mú un débi pé kò mọ ọjọ́ mọ́, kò mọ ilé tó wà, orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú tipẹ́ ló sì fi ń pe Ṣìkẹ́mi. "Obìnrin tí kì í ṣe nǹkan kan ẹ̀," Ṣìkẹ́mi tún un sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ó wù ú kó ṣílẹ̀kùn kó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú gbogbo wọn pé obìnrin tó bí yín ńkọ́?

Ṣùgbọ́n kò bi í. Nígbà tí Aunty Bridget yọjú sẹ́nu ọ̀nà tó sì béèrè pé, "Ṣìkẹ́mi, Màámi ńkọ́?", ẹ̀rín ló rín. "A dúpẹ́, ma. Ara wọn ń le. It is well."

Ẹ má bínú sí i. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wọn nínú ìjọ nìyẹn. Ẹni tí ibà ń gbé jó, ara rẹ̀ le ni. Ẹni tí wọ́n lé níbi iṣẹ́, ó dúpẹ́ ni. Wọ́n ní ohun tí èèyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ló ń di tirẹ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í jẹ́ kí àìsàn gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu òun. Èèyàn lè rì sómi níwájú gbogbo ìjọ, kó máa na ọwọ́ sókè, kí wọ́n sì rò pé ó ń yin Olúwa.

Ṣìkẹ́mi sì ń rì lóòótọ́. Òun ló ń wẹ ìyá rẹ̀ lówùúrọ̀, òun ló ń pààrọ̀ pámpáàsì rẹ̀, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ, kó tó kó sọ́kọ̀ lọ jókòó sínú traffic òpópónà 75 títí dé ọ́fíìsì ìjọba tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Downtown. Obìnrin tí wọ́n gbà láti máa jókòó ti Màámi lójúmọ́ kì í tètè dé, bí òun bá sì pẹ́, Ṣìkẹ́mi á pẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ti pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yìí, Ọlálékan wà lókè nínú yàrá tirẹ̀, ó ń forí balẹ̀ níwájú àwòrán àwọn ẹni mímọ́. Bó bá ń gbààwẹ̀, kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹyin, kì í fẹnu kan mílíìkì, àwọn Kóptíìkì sì mọ ààwẹ̀ gbà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ta ló ń se ọbẹ̀ ààwẹ̀ náà lọ́tọ̀? Ṣìkẹ́mi kan náà ni.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Ọlálékan wọ ilé ìdáná wá bu omi mu. Ojú rẹ̀ ṣì pọ́n fún ẹkún ìtàn tó sọ.

"Bọ̀dá Lékan," Ṣìkẹ́mi wí, "ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan. Makáríù yín yìí, ṣé kò lóbìí ni?"

Inú Ọlálékan dùn. Ṣìkẹ́mi kò tíì bi òun léèrè nípa ẹni mímọ́ náà rí. "Ó lóbìí now. Àwọn ló fi dandan fẹ́yàwó fún un. Ìyàwó yẹn kú, he had hardly known her. Nígbà tó yá, bàbá ẹ̀ kú, ìyá ẹ̀ náà kú. Ó pín gbogbo nǹkan tí wọ́n fi sílẹ̀ fáwọn tálákà, ó bá tirẹ̀ lọ."

"Ìyẹn ni pé ó sin ìyá ẹ̀ kó tó lọ."

Ọlálékan gbé ife omi sílẹ̀. "Ìyẹn kọ́ ni point ìtàn yẹn, Ṣìkẹ́mi."

"Òun gan-an ni point ẹ̀! Ẹ ti sọ ìtàn yìí nínú ilé yìí débi tí mo fi lè sọ ọ́ lójú oorun, ẹ ò dúró níbẹ̀ rí. Ẹ máa ń fò ó bí ẹni fo gọ́tà. Ẹ ní bí wọ́n bá fẹ́ fi yín ṣe mọ́ńkì, wọ́n á ní kí ẹ dùbúlẹ̀, wọ́n á daṣọ bò yín, wọ́n á ka àdúrà òkú lé yín lórí. Ẹ̀yin ni dáwódù Màámi. Ẹ̀yin lẹ yẹ kẹ́ ẹ sin wọ́n. Ẹ wá fẹ́ kí wọ́n sin yín láàyè kẹ́ ẹ lè bọ́ nínú ẹ̀!"

"Watch your mouth. Ta ló ní mo fẹ́ bọ́? Kí lo fẹ́ kí n ṣe gan-an? Ọkùnrin ni mí. Ọkùnrin kì í wo ìhòòhò ìyá ẹ̀. Àbí o fẹ́ kí n ṣe èèwọ̀ ni?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin! Ọlálékan yìí ló ti ní òun kò bá àṣà ìbílẹ̀ kankan ṣe mọ́. Kò jẹ́ kí wọ́n ki òun ní oríkì mọ́, ó ní ti ayé ni. Nígbà tí bọ̀dá bàbá wọn kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò dá sí ìnáwó rẹ̀. Gbogbo èèwọ̀ ló ti jù nù, àfi ẹyọ kan yìí tó bá a lára mu, ìyẹn ló wá dì mú ṣinṣin. Ó lè dúró gbàdúrà títí ẹsẹ̀ á fi wú, kò lè nu ìdí ìyá tó nu tirẹ̀.

"Ta ló máa bá mi gbé wọn tẹ́ ẹ bá lọ?" Ṣìkẹ́mi béèrè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ọlọ́run á bá ẹ gbé wọn. Ìwọ ni ara Màámi balẹ̀ sí jù, you know that." Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Makáríù máa ń bo àṣìṣe ọmọnìkejì ẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, bíi pé kò rí i. Gbìyànjú ẹ̀. Ìbínú yìí á pa ẹ́."

Ó gun òkè lọ. Ṣìkẹ́mi dúró síbẹ̀, ó ń wo ife tó fi sílẹ̀ fún un láti fọ̀.

Ní Sátidé, ó bẹ Aunty Bridget pé kó wá jókòó ti Màámi, ó sì wakọ̀ gba àárín ìlú kọjá lọ sí ìhà àríwá, níbi tí ìjọ Kóptíìkì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Jálẹ̀ ọ̀nà ló ń to èébú jọ. Ó fẹ́ bi wọ́n léèrè irú ìjọ tó ń jí ọmọ olómọ gbé. Ó fẹ́ bi wọ́n pé ṣé kò sí ọmọ Íjíbítì tó lè di mọ́ńkì mọ́ ni.

Àlùfáà wọn, tí gbogbo wọn ń pè ní Àbúnà, jẹ́ bàbá arúgbó kan tó wọ ẹ̀wù dúdú, tí irùngbọ̀n rẹ̀ bo àyà. Ó fà á wọ ọ́fíìsì kékeré kan tó ń rùn fún tùràrí, ó bu tíì fún un, ó sì fi èdè Òyìnbó bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyá rẹ̀ ṣe wà.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," Ṣìkẹ́mi dáhùn. "Ara wọn le."

Bó ṣe sọ ọ́ jáde lẹ́nu ló gbọ́ ara rẹ̀.

Àbúnà mi orí. "Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń sọ nìyẹn. Mi ò lè fi ẹni tí òbí rẹ̀ nílò rẹ̀ ránṣẹ́ sí aginjù, nítorí náà mo bi í, mo tún un bi. Mo ní, ìyá rẹ ńkọ́? Ó ní, ó wà dáadáa, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Mo ní, ta ló ń tọ́jú rẹ̀? Ó ní, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Mo rò pé obìnrin tára rẹ̀ le ni."

Ìbínú tí Ṣìkẹ́mi gbé bọ̀ láti McDonough yí padà sí ara rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn àgbà sọ ọ́, ó gbọ́ ọ, kò fi ṣe nǹkan kan. Ó ti ń bínú sí Aunty Bridget pé kò ràn án lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹ̀rín lé gbogbo ìrànlọ́wọ́ padà lẹ́nu ọ̀nà. Òun àti Ọlálékan, irọ́ kan náà ni wọ́n ń pa, tí wọ́n ń pè é ní ìgbàgbọ́.

"Rárá," ó wí. "Mo purọ́. Ìyá mi ò dáa. Kò dáa rárá!" Ọ̀rọ̀ wá tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi tó fọ́ páìpù. Ó sọ nípa ìtọ̀ àti ìgbọ̀nsẹ̀. Ó sọ bí Màámi ṣe gbá a létí nígbà tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń kígbe olè lé e lórí. Ó sọ ti ọ̀gá rẹ̀ ní Downtown. Ó lu tábìlì bàbá àgbà náà, tíì dà sílẹ̀, kò bẹ̀bẹ̀. "Kò fi ọwọ́ kàn án rí! Wọ́n jọ wà nínú ilé kan náà, kò fi ọwọ́ kàn án rí! Ẹ̀yin lẹ sì ń sọ fún un pé ẹni mímọ́ ni!"

Ojú Àbúnà ti pọ́n. Ṣìkẹ́mi rò pé òun ni inú rẹ̀ ń bí sí. "Ó ní kí a máa pe òun ní Makáríù," bàbá náà wí níkẹyìn. "Ṣé ó sọ fún ọ pé Makáríù sin ìyá rẹ̀ kó tó lọ?"

"Ó sọ fún mi. Ó ní ìyẹn kọ́ ni point ìtàn yẹn."

Àbúnà mú fóònù rẹ̀. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ di mọ́ńkì, kó tó gbààwẹ̀, kó tó dákẹ́, ìgbọràn ló kọ́kọ́ máa ń kọ́. Ohun tí àgbà bá ní kó ṣe, yóò ṣe é, kì í béèrè ìdí. Ọlálékan ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ìgbọràn yìí fún òun pẹ̀lú omijé lójú. "Ó dáa," ó wí. "Màá sọ fún un pé láti òní lọ, yàrá ìyá rẹ̀ ni aginjù rẹ̀. Gbogbo ohun tí ìwọ ń ṣe fún ìyá yín, òun náà á máa ṣe é, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ dárúkọ California fún mi níwọ̀n ìgbà tí ìyá náà bá wà láàyè."

Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí inú Ṣìkẹ́mi dùn. Inú rẹ̀ kò dùn. Jálẹ̀ ọ̀nà sílé ló ń lu sítẹ́rìn. Ọ̀rọ̀ tí òun ti fi ẹnu ara òun sọ lédè Yorùbá nínú ilé ìdáná, ṣé ó dìgbà tí ará Íjíbítì bá fi Òyìnbó sọ ọ́ kó tó wọ Ọlálékan létí?

Ọlálékan ti dúró dè é ní pálọ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta.

"O lọ bà mí jẹ́ lọ́dọ̀ Àbúnà! Ìwọ, àbúrò mi! O mọ ìgbà tí mo ti ń gbàdúrà sórí nǹkan yìí?"

"Ṣìkẹ́mi, ó dáa báyìí?" Aunty Bridget bá a dá sí i. "Ẹ̀gbọ́n ẹ! A man of God! Dúró ná, Màámi ti ṣe nǹkan sára o, ó ti pẹ́ díẹ̀. Ìwọ ni mo ń retí."

Ṣìkẹ́mi wo obìnrin náà. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ti jọ wà nínú ilé, àwọn méjèèjì, òórùn náà sì ti dé pálọ̀.  Ó wọ yàrá ìfọṣọ, ó kó ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti pámpáàsì tuntun jáde, ó sì nà wọ́n sí Ọlálékan.

"Gbà," ó wí.

"Èèwọ̀!" Aunty Bridget fò dìde. "Ọkùnrin kẹ̀? Gbé e wá, èmi á ṣe é."

"Aunty, ẹ ti wà níbí láti àárọ̀. Ẹ jókòó." Kò yọ ojú kúrò lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Makáríù ṣiṣẹ́ bọ́ obìnrin tó purọ́ mọ́ ọn. Màámi ò purọ́ mọ́ ẹ. Òótọ́ ni wọ́n bí ẹ. Gbà!"

Láti ìgbà tó ti dáyé, kò pe Ọlálékan ní ìwọ rí. Aunty Bridget lanu, ó sì jókòó. Ọlálékan dúró, ó ń mí gùlegùle. Bó bá kọ̀, kò ní sí aginjù kankan mọ́, lónìí tàbí lẹ́yìnwá ọ̀la, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó já ìbọ̀wọ́ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ó wọ yàrá lọ.

Ṣìkẹ́mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ti búra pé òun kò ní wọlé.

"Ta nìyẹn?" Màámi kígbe. "Olè! Ta ló ní kó o wọlé?"

"Màámi, èmi ni. Lékan ni."

"Lékan wà nílé ìwé. Kò tíì dé."

 Lẹ́yìn náà ni Ọlálékan pè é, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ṣìkẹ́mi. Báwo ni màá ṣe... ibo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀?"

"Bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú báfù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé," ó fi ìbínú dáhùn láìdìde. "Fi aṣọ bo òkè wọn, òtútù máa ń mú wọn. Yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, eékún òsì ń dùn wọ́n. Láti iwájú lọ sẹ́yìn ni kó o máa nù ún. Máa bá wọn sọ̀rọ̀. Má dákẹ́ sí wọn lórí, ẹ̀rù máa ń bà wọ́n."

Ó gbọ́ omi. Ó gbọ́ bí Màámi ṣe ń bú, tó ń ṣépè, tó ń pe orúkọ bàbá wọn pé kó gba òun. Ó gbọ́ bí Ọlálékan ṣe ń bẹ̀ ẹ́, pẹ̀lẹ́ mà, ó kù díẹ̀ mà, ẹ má bínú. Ó gbọ́ ìgbà tí ọkùnrin náà bì, tó tún padà sídìí iṣẹ́. Kò ṣàánú rẹ̀. Gbogbo bí òun náà ṣe bì ní tirẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni ariwo náà rọlẹ̀. Ó gbọ́ tí àpò pámpáàsì ya, ó gbọ́ tí wọ́n na ṣíìtì tuntun. Lẹ́yìn náà ni Màámi mí kanlẹ̀, mímí ẹni tí ara tù.

"Ẹ ṣé o," ìyá wọn wí, jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń bá àlejò sọ̀rọ̀. "Ẹ ṣé gan-an. Ọwọ́ yín tutù. Ìyá tó bí yín mà kọ́ yín o, wọn ò ní jìyà ọmọ láé. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ bá mi kí wọn."

 Ṣìkẹ́mi fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

"Wọ́n á gbọ́, mà," Ọlálékan dáhùn.